Láptọ́ọ̀pù mi ò jẹ́ kí rédíò Bàbá sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi máa ń gbọ́ BBC lórí short wave lálaalẹ́, àmọ́ bí mo bá ti gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ báyìí rédíò á kàn máa kùn yùn-ùn, wọ́n á ní kí n pa á, iṣẹ́ sì wà níwájú mi. Ṣé láptọ́ọ̀pù ló bàjẹ́ àbí rédíò wọn ló ti gbó? Ọmọ Bódìjà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Bàbá o. Kò dà bíi pé ìkankan bàjẹ́. Lálẹ́ òní ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri, kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbọ́ rédíò yẹn wò. Tó bá dákẹ́, ṣájà lọ̀daràn. Nínú ẹ̀, iná ń tàn ó ń kú, ó lè tó 65,000 ìgbà ní sẹ́kọ́ńdù kan, ariwo ìyẹn ló ń gba wáyà jáde tó ń wọnú AM àti short wave (FM kì í sábà gbà á). Ṣájà ayédèrú ló burú jù, torí àwọn tó ṣe é ti yọ ohun tó yẹ kó sẹ́ ariwo náà kúrò kó lè pọ́ọ́kú.

Ẹ kọ́kọ́ gbé rédíò jìnnà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Tó bá ṣì ń kùn, ẹ wá kókó dúdú tó máa ń wà lára wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́, ferrite ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé wà ní Computer Village n'Íkẹjà. Ẹ wé wáyà ṣájà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítòsí ṣájà fúnra ẹ̀, ìyẹn á dènà ariwo ní bí ìlọ́po 9 ju kẹ́ ẹ kàn tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ìgbà tí Bàbá bá ń gbọ́ AM, kí wọ́n yí rédíò síbí sọ́hùn-ún, torí inú ẹ̀ ni ẹ̀ríà AM (ohun tó ń gba ìgbì rédíò) wà, ibì kan á wà tí ariwo á ti lọ sílẹ̀. Ti short wave ò rí bẹ́ẹ̀, wáyà bíi mítà 5 lẹ máa so mọ́ ẹ̀ríà gígùn tí wọ́n ń fà jáde lára rédíò, kẹ́ ẹ gbé e gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ má gbé e súnmọ́ wáyà NEPA o, bí òjò bá sì ti ń ṣú, kẹ́ ẹ tètè yọ ọ́.