Kí ẹ tó san owó OT aládàáni fún ọmọ tí ariwo, aṣọ àti omi ń ni lára

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Mo fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ béèrè. Ọmọ yín ọkùnrin ti pé ọdún 4. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbálẹ̀ bá ti dún, á fi ọwọ́ dí etí. Kì í jẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì aṣọ kan òun lọ́rùn. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ fọ orí fún un, igbe rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti lè ṣe nǹkan ojoojúmọ́ bíi wíwọ aṣọ àti wíwẹ̀ (OT là ń pe ẹni tó ń ṣe é), wọn ò tíì pè yín. OT aládàáni kan wá ní òun lè gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ ó fẹ́ kí ẹ san owó ìjókòó 20, ìyẹn ìgbà 20 tí ọmọ á wá gba ìtọ́jú, pa pọ̀. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ san án.

Ẹ má tíì san án. Ẹ san ti àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ sì wà nínú yàrá náà nígbà tó bá ń ṣe é. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 9 báyìí, láti kékeré ló ti ń bá irú nǹkan yìí yí, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ OT aládàáni ni àwa náà sì gbé e lọ nígbà tí ìdúró pọ̀ jù. Ó ṣe ọmọ mi lóore gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe é lóore jù ni ohun tí obìnrin náà kọ́ àwa òbí pé ká máa ṣe nílé, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi owó yín rà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orí fífọ̀ yìí. Ó pẹ́ tí àwa náà ti ń bá a fà á. Gbogbo wa gbà pé omi ni ọmọ ò fẹ́. OT wá ní kí n fi bí a ṣe máa ń gbé e ká han òun. Mo gbé ọmọ lé itan, mo dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń wo òkè, kí ọṣẹ má baà kó sí i lójú. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọmọ jókòó sórí bọ́ọ̀lù ńlá kan, ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ó sì rọra yí bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe kúrò nílẹ̀ tí orí rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá aṣọ obìnrin náà mú, ó fi igbe ta. Omi kankan ò sí nínú yàrá yẹn. Orí tó ń lọ sẹ́yìn ló ń bà á lẹ́rù.

Láti ọjọ́ náà, jíjókòó ló ń jókòó. Á tẹ orí síwájú, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú tówẹ́ẹ̀lì gbígbẹ bo ojú. Kí omi tó kàn án, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ agbárí rẹ̀ dáadáa, torí pé ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń ta púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lára, kì í ṣe èyí tó rinlẹ̀. Màá wá máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tí mo bá ti dé ẹ̀wá, omi á dúró, kó lè mọ̀ pé ó lópin. Ẹkún ò tán lọ́jọ́ kan. Ó ń dín kù, ó ń dín kù, títí ó fi di pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ orí rẹ̀.

Ti ọmọ yín lè má jẹ́ ti orí. Ó lè jẹ́ òórùn ọṣẹ, ó lè jẹ́ bí omi ṣe ń dún létí rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló máa wá ìdí rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí owó àyẹ̀wò kò fi dùn mí rárá.

Jean Ayres, OT ará Amẹ́ríkà, ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa bí ọpọlọ ṣe ń gba ohun tí ara ń gbọ́ àti ohun tó ń kàn án lélẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1972. Ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà máa ń ṣàlàyé fún òbí ni pé yàtọ̀ sí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara, nǹkan kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ara bóyá orí dúró tàbí ó ń yí. Iṣan àti oríkèé náà ń sọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà, inú ara sì ń sọ pé ebi ń pa wá tàbí ìtọ̀ ń gbọ̀n wá. Àwọn ọmọ kan wà tí gbogbo èyí máa ń wọlé sí lára jù. Àwọn mìíràn ò rí i gbà tó, wọ́n á máa wá a kiri. Ọmọ kan náà lè jẹ́ méjèèjì! Tèmi ò lè dúró nítòsí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, síbẹ̀ òun náà ló máa ń sáré kọlu tìmùtìmù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní alágídí. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ọmọ náà kò mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ẹ gbọ́ ibi tí ìwádìí dé pẹ̀lú, torí pé àwọn tó ń polówó kì í sọ ọ́. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, tó jáde ní 2013, kò ka sensory processing disorder, orúkọ tí àwọn kan ń pe ìṣòro bí ara ṣe ń gba ìró àti ìfọwọ́kàn yìí, sí àìsàn tó dá dúró. Abẹ́ autism, ìyẹn ipò tí ọpọlọ ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, pàápàá ní ti bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá wọn ṣe pọ̀, ló ti sọ̀rọ̀ bí ara ọmọ ṣe lè máa gba ìró tàbí ìfọwọ́kàn sódì. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé irú ìtọ́jú yìí lè wà lára ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún òbí pé ìwádìí tó ti í lẹ́yìn kò pọ̀. Ìwádìí kékeré kan ní 2014 lórí ọmọ 32 tó ní autism rí i pé lẹ́yìn ìjókòó 30 láàárín ọ̀sẹ̀ 10, àwọn tó gba ìtọ́jú ṣe dáadáa lórí àfojúsùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó tóbi jù ú lọ, lórí ọmọ 138 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, jáde ní 2022. Òun kò rí i pé ìtọ́jú náà fi ohunkóhun ju ìtọ́jú tí àwọn ọmọ yòókù ń gbà lọ ní ti ìbínú àti ìhùwàsí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjókòó 20 máa tún ọpọlọ ọmọ yín tò, ẹ gbé ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.

Ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn OT tí òfin ibi tí ẹ wà fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kọ àfojúsùn sílẹ̀. Èmi ò gba “ara ọmọ á máa gba nǹkan dáadáa” rárá, ta ló máa wọn ìyẹn? Ohun tí a kọ fún ọmọ mi ni pé ká lè fọ orí rẹ̀ nígbà 3 nínú 4 láìjẹ́ pé ó sá jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí a máa tún un yẹ̀ wò. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè jókòó sínú yàrá. A ti dé ibì kan tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta, tí wákàtí bá pé, wọ́n á fa ọmọ lé wa lọ́wọ́, wọ́n á ní “ó ṣe dáadáa lónìí,” ó parí. A kúrò níbẹ̀. Ìjókòó kì í sábà ju wákàtí kan lọ lọ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ wà ní gbogbo ìyókù.

Ní ti ilé, iṣẹ́ tó gba agbára ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Kí a tó lọ sí ibi tí ariwo wà, á ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó kún láti yàrá kan dé èkejì, tàbí kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó o. Ara rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ tú òwú tí wọ́n fi rán lébẹ́ẹ̀lì mọ́ aṣọ, kí ẹ má kàn gé e, nítorí kùkùté tó ṣẹ́ kù máa ń gún ju odindi lọ. Ohun tí ẹ fi ń bo etí dára ní ibi ariwo, OT wa kò jẹ́ ká fi sílẹ̀ sí i létí látàárọ̀. Ẹ má sì kánjú ra bùláńkẹ́ẹ̀tì oníwúwo. Ìwádìí tó jáde lórí rẹ̀ ní 2014 fún àwọn ọmọ tó ní autism rí i pé kò mú kí oorun wọn pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí àti ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, kó jẹ́ èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè ká kúrò lára. Ẹ má fi bo ọmọ ọwọ́ láé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí. Bí ó bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ẹ má dúró de OT, dókítà ni kí ẹ sáré bá. Ẹ má yọ orúkọ yín kúrò lọ́dọ̀ ìjọba bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti aládàáni, kí ẹ sì ní kí OT kọ àbájáde àyẹ̀wò náà lọ́nà tí olùkọ́ rẹ̀ lè lò nílé ìwé. Nígbà tí owó fẹ́ wọ́n wa, a sọ fún OT tiwa láìfi bò, ó sì ní ká máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ká máa ṣe ìyókù nílé. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọmọ yín.

Láàárín báyìí sí ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ fi fóònù ya fídíò ìgbà tí ẹ ń wọ aṣọ fún un àti ìgbà tí ẹ̀rọ ń dún, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹkún sílẹ̀, títí kan oorun àti oúnjẹ ọjọ́ náà. Ti orí fífọ̀, ẹ ya á láti ìgbà tí ẹ gbé e wọ balùwẹ̀, kó tó di pé omi kàn án, ṣùgbọ́n kí ẹ bo ìhòòhò ọmọ. Ẹ mú gbogbo rẹ̀ dání lọ. Bí OT náà bá wò ó tán tó sì ń bi yín ní ìbéèrè lórí ohun tó rí níbẹ̀, ẹ san ìjókòó 4 tàbí 5, kí ẹ fi wo ọwọ́ rẹ̀.