Ǹjẹ́ ojú àbùkù tí àwọn ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ dispatch, ìyẹn fífi ọ̀kadà gbé ẹrù lọ fún oníbàárà, máa ń yí ìwà àwọn tó ń ṣe é padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1999, Blake Ashforth àti Glen Kreiner, onímọ̀ nípa ìwà òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn tí àwùjọ ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ wọn sábà máa ń ṣùrù mọ́ ara wọn, tí wọ́n á sì máa fún iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ tó níyì.

Ẹ wo ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan ní Èkó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọlé láìsí ìbéèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹni tó gbé àpótí sẹ́yìn ọ̀kadà dúró síta, kó máa pe oníbàárà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló jẹ́ pé iye ẹrù tí wọ́n bá fi jíṣẹ́ ni wọ́n ń gbowó lé lórí, nítorí náà, ẹni tó bá pàdánù ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀ á fẹ́ fi eré àsápajúdé rí i gbà padà. Lójú tèmi, ohun tí a ń pè ní ìwà jàgídíjàgan wọn kò ṣẹ̀yìn èyí.

Ti ẹlòmíràn yàtọ̀: á gbé ẹrù sílẹ̀, kò ní wo ojú oníbàárà, á sì lọ. Àwọn kan sì ń fi “ẹ má bínú, sà” bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí wọn kò ṣe, torí ìràwọ̀ (máàkì iṣẹ́ wọn) tí oníbàárà máa fún wọn lórí áàpù.