Má bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ̀n ọ́n

Àbúrò mi, o ní báwo lo ṣe máa fi òǹkà hàn pé obìnrin tó jẹ́ tálákà, tó jẹ́ opó, tó tún jẹ́ àkàndá, àìsàn ń bá a jà ju ẹni tí ọ̀kan péré nínú mẹ́ta náà bá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí jó mi lọ́wọ́ rí.

Oṣù mẹ́rin la fi bá àwọn alááru ọjà kan n'Íbàdàn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kan tó kàwé rẹpẹtẹ ló kọ ìbéèrè fún wa: "Ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" Ìgbà tá a ka èsì, àfi bíi pé ara àwọn alááru ló le jù! Àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jọ aláìsàn. Ìyá tó ń ru àpò gàrí láti ìdájí, tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀, ó wá sàn ju ẹni tó ń jókòó sídìí fáànù. Irọ́ ni. Wọn ò rí dókítà rí ni. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Inú àwọn ará ọ́fíìsì tí mo gbé ìwé náà fún dùn, wọ́n ní ṣé mo rí i pé kò sí wàhálà. Ojú tì mí.

A padà lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfúnpá. Ìyá kan tó ti ní "rárá" tẹ́lẹ̀, 190/110 ló jáde fún un, bẹ́ẹ̀ 140/90 ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní òun rò pé oòrùn ọjà ló ń fọ́ òun lórí.

Má bi ẹnikẹ́ni bóyá àkàndá ni. Wọ́n á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lo ìbéèrè mẹ́fà ti Washington Group, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń ka àkàndá. Wọ́n ń bi èèyàn bóyá nǹkan wọ̀nyí nira fún un: ìríran, ìgbọ́ràn, rírìn, ìrántí, ìtọ́jú ara ẹni, sísọ̀rọ̀ kó yéni.

Ti owó, ìwádìí NDHS, ìyẹn ìwádìí ńlá lórí ìdílé àti ìlera ní Nàìjíríà, ń fi ohun ìní pín ìdílé sí ìpele márùn-ún: tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, irú ilẹ̀ ilé. Ilé ni wọ́n ń wọ̀ o! Alááru tó ń sùn lọ́jà kò sí níbẹ̀. Opó tó sá di àbúrò ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fi tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n kà á mọ́ olówó.

Ẹ̀ẹ́n, ìbéèrè rẹ gan-an. Má rò ó pọ̀ bíi máàkì, òṣì 1, opó 1, àkàndá 1. Adití tó lówó á wá ẹni tó máa bá a túmọ̀ fún nọ́ọ̀sì. Èyí tí kò lówó á padà sílé. Ka tálákà nìkan sọ́tọ̀, adití nìkan sọ́tọ̀, ẹni tó jẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, kó o wá fi wọ́n wé ara wọn. Excel tó fún un.

Bó o bá ń pín wọn báyìí, wàá débi tí èèyàn mẹ́rin péré kù. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ń ṣàìsàn, má kọ "ìdá 75 nínú 100" síbẹ̀, má sì kọ ọ́ débi tí wọ́n á fi dá wọn mọ̀. Èmi kọ "opó adití kan nídìí ẹlẹ́ran." Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ọjà ti mọ ẹni tí mò ń sọ.