Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọmọ Mi Fẹ́ Lọ Ṣe Míṣọ́nnárì fún Ọdún Méjì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi kejì, ẹni ọdún 22, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ HND rẹ̀ ni. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ó ti ń lọ sí ìjọ àwọn tí a ń pè ní Mọ́mọ́nì, a kò sì dí i lọ́wọ́. Ní oṣù tó kọjá, ó mú lẹ́tà kan wá bá wa pé wọ́n ti pe òun láti lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere fún ọdún méjì gbáko, ní ìlú tí a kò ti ní ará tàbí ojúlùmọ̀ kankan. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti kékeré, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wáṣẹ́, tirẹ̀ ni kí ó máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri. Kí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́? Ta ni yóò bọ́ ọ? Ṣé a óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn, nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Ìyá kan ní Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹni ọdún 21 sì ni mí nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ yìí ní Ẹ̀nugù ní ọdún 1998. Ọdún 2000 ni mo padà wálé. Ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, ni n óò sọ fún yín láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ gan-an ni Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Ní ọdún 2018 ni ààrẹ wọn nígbà náà, Russell M. Nelson, rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má pè é ní Mọ́mọ́nì mọ́, nítorí náà inú ọmọ yín yóò dùn bí ó bá gbọ́ orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ gan-an lẹ́nu yín. Kì í ṣe òun ló yan ìlú tí ó ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò kọ ìwé, dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò (ẹ sọ fún bàbá pé bíṣọ́ọ̀bù tiwọn kì í ṣe irú ti Áńgílíkà, ọmọ ìjọ tó ní iṣẹ́ oòjọ́ tirẹ̀ ni, ó kàn ń bójú tó ìjọ àdúgbò kan láìgba owó oṣù), lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà yóò wá láti Salt Lake City, olú ilé ìjọ ní Amẹ́ríkà. Oṣù 24 ni àwọn ọkùnrin ń lò, oṣù 18 ni ti àwọn obìnrin.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń jí. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ṣe eré ìdárayá díẹ̀, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù yóò ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó wá jọ gbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, wọ́n á jáde, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé kan dé èkejì, títí di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni iná ń kú. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ Ajé, ni wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Mo rántí bí mo ṣe máa ń tò sídìí kànga láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun márùn-ún nínú báfù, tí mo ń da búlúù sí omi ìkẹyìn, tí mo ń yẹ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan wò sí oòrùn bóyá eruku pupa Ẹ̀nugù ti kúrò níbẹ̀ tán. Ní ilé wa n kò fọ ju ìbọ̀sẹ̀ mi lọ.

Wọn kì í dá rìn. Ẹni méjì méjì ni wọ́n ń yàn wọ́n pọ̀, wọ́n sì jọ ń gbé, jọ ń jẹ, jọ ń jáde, títí ọ̀gá wọn yóò fi pààrọ̀ wọn. Wọ́n lè pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wa, ní èrò tèmi, ibí yìí ni ọmọ yín yóò ti dàgbà jù. Ọmọ Ghana ni ẹnìkejì mi àkọ́kọ́. Kò fẹ́ràn ata, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo rò pé ìgbéraga ni. Oṣù kejì ni mo tó mọ̀ pé ó ń tẹ́tí ni. Bí a bá jà, a kò ní yàrá mìíràn tí a lè sá lọ. A ní láti parí rẹ̀ kí a tó kúnlẹ̀ gbàdúrà alẹ́, nítorí a kò lè jọ gbàdúrà pẹ̀lú ìbínú.

Ní ti owó, wọn kò ní san owó oṣù fún un. Ọmọ ìjọ àti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń dá ohun tí agbára wọn bá ká. Ní Amẹ́ríkà, 400 dọ́là lóṣù ni ẹbí ń san láti ọdún 2020, ṣùgbọ́n ìjọ ní àpò kan tí wọ́n fi ń ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni àpò náà sì gbé ró. Wọ́n á san owó ilé rẹ̀, wọ́n á fún un ní owó oúnjẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kò ní sanra o, ṣùgbọ́n ebi kò ní pa á. Ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀: láti ọdún 2019 ni wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó sì lè rí ojú rẹ̀ lórí fóònù. Ní ìgbà tèmi, lẹ́tà ni. Ti ìyá mi máa ń pẹ́ lọ́nà tó bẹ́ẹ̀ tí àìsàn tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ á ti lọ kí n tó kà á.

Bàbá ń bínú sí kíkan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ní ìgbà tèmi, ẹ̀kọ́ mẹ́fà tó tò tẹ̀léra ni a ń kọ́ ènìyàn. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti sọ fún àwọn òjíṣẹ́ pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ́ni, bí ó bá ti yẹ ẹni tó ń gbọ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà ní Coal Camp, àdúgbò kan ní Ẹ̀nugù, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn àpá dúdú wẹ́wẹ́ wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí èédú ti wọ inú egbò, tí awọ ara sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó fún wa ní àga, ó sì dákẹ́. Èmi sì bẹ̀rẹ̀: Joseph Smith tó dá ìjọ wa sílẹ̀, igbó kékeré ní New York níbi tó ti lọ gbàdúrà, ọdún 1820, Ìwé ti Mọ́mọ́nì tí a ń kà pẹ̀lú Bíbélì. Mo ti ha gbogbo rẹ̀ sórí, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, ẹnìkejì mi gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo dákẹ́. Bàbá náà ní, “Ọmọ mi, mo ní ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Ọdún tó kọjá ni a sin ín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo tún máa rí i.”

Ẹnìkejì mi kò ṣí ìwé kankan. Ó bèèrè orúkọ ọmọ náà. Bàbá dárúkọ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi tan fìtílà, kí a tó sọ ohun tí ìjọ wa gbà gbọ́ fún un, pé ikú kò ní agbára láti tú ẹbí ká títí láé. Bàbá náà kò ṣèrìbọmi. A ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n fi gbé mi lọ sí ibòmíràn, òun náà a sì máa fi fìtílà sìn wá dé oríta. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ ní ọdún méjì, òun ni mo ń rántí jù.

Ọmọ yín yóò tún bá àwọn ìbéèrè líle pàdé, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á bi í nípa ìkóbìnrinjọ, yóò sì sọ òtítọ́ pé àwọn àgbà ìjọ ṣe é láyé àtijọ́, pé ọdún 1890 ni ààrẹ wọn kéde òpin rẹ̀, àti pé lónìí ọkùnrin tó bá níyàwó méjì kò lè ṣèrìbọmi. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n á bi í nípa àwọ̀ ara, èyí sì dùn mí ju ti ìṣáájú lọ. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ náà kò fi àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ joyè àlùfáà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kí ìyẹn tó yí padà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà lọ sí Salt Lake City pé kí wọ́n rán ẹnìkan wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àwọn òjíṣẹ́ àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n sì ri ènìyàn 19 bọmi ní ọjọ́ kan ní ilẹ̀ Ìgbò. Kí ọmọ yín má fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í.

Ní ti bàbá, ẹ rán wọn létí pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tiwọn náà kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó lọ sí etí odò Ọya láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bá wọn jiyàn; ẹ kàn sọ ọ́, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ tún jẹ́ kí ọmọ náà lọ bèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó tó gbéra, bí yóò ṣe ṣe ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá dé.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó súre fún un. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó ku ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ bi í pé bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò bá ní mọ̀ pé kò lọ, ṣé yóò ṣì fẹ́ lọ? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni láìwo ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ó bá ń wólẹ̀, kí ó dúró ná, nítorí àwọn tí ẹlòmíràn tì lọ ni mo rí tí wọ́n ń sunkún lóru. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí ara rẹ̀ kò bá gbà á, tí ó padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u nínú ilé yín.

Olóòtú wa,

Opó ni mí. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ń wá kọ́ mi ní Bíbélì. Mo gbé tíì fún wọn, wọn kò mu ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi nìkan ni mo wà nílé, wọ́n sì kọ̀ láti wọlé. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?

Òǹkàwé yín ní Ṣàgámù

Ẹ kò ṣẹ̀ wọ́n rárá, ìyá mi. Òfin wọn ni pé kí wọ́n má wà nínú ilé pẹ̀lú obìnrin láìsí ọkùnrin àgbàlagbà mìíràn níbẹ̀. Ẹ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta níbi tí ará àdúgbò ti lè rí yín, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n rán àwọn òjíṣẹ́ obìnrin wá. Ní ti tíì, àwa a máa pe Milo àti Lipton ní tíì bákan náà; ewé tíì gan-an àti kọfí ni wọn kì í mu, pẹ̀lú ọtí. Wọ́n á mu Milo yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ̀kọ́ náà mọ́, ẹ sọ fún wọn lójú kòrókòró, wọn kò ní bínú. Bí igi ìdáná bá sì wà tí kò tíì sẹ́ni tó là á, ẹ gbé àáké fún wọn, inú wọn yóò dùn.