Má sọ̀ kalẹ̀ nínú kòròpé

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní bí kòròpé bá ti gbéra ní Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo níbí, tó wá há sínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ní Ọláìyá, àyà rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ìka ọwọ́ á máa jó ọ yẹ́rí-yẹ́rí, òógùn á bò ọ́, ìwọ á sì gbà pé ikú dé. Ìpayà òjijì ni wọ́n ń pè é, panic attack lédè Gẹ̀ẹ́sì. O ní o máa ń bẹ dẹ́rẹ́bà kó dúró kí o sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí o wá ń béèrè ni bóyá kí o máa sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí o jókòó, àti ohun tí o lè ṣe tí kò fi ní í máa wá. O tún fi kún un pé o máa ń fa ínhélà nígbà ọyẹ́ nítorí ikọ́ fée.

Kí n tó dáhùn, èwo nínú àwọn ọsibítù ló ti fún ọ lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù? Má purọ́ fún mi. Mo mọ̀ wọ́n.

Aránṣọ ni mí, Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Báńkì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀, lórí ìlà, ní àsìkò tí aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, tí mi ò sì rí oorun sùn. Ṣàdédé ni mi ò rí èémí mí mọ́. Ètè mi kú tipiri, ohùn àwọn èèyàn ń dún lọ́nà jíjìn, mo sì ń ronú ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù aládàáni kan. Kí a tó débẹ̀, ó ti ń rọlẹ̀. Dókítà ò gbójú sókè wò mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal ló kọ, ó ní táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí mi lára, mo sanwó, mo lọ sílé. Ó tún dé. Wọ́n ní èyí tó kù lára ni. Mo tún sanwó. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú rẹ̀, kí n má tan ọ́.

Jọ̀wọ́, irú táífọ́ọ̀dù wo ni kì í mú ara gbóná, tí kì í mú inú run, tó jẹ́ pé báńkì ló ti máa ń dúró de èèyàn? Ohun tí wọn ò sọ fún mi nìyí: ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ṣe Widal nílẹ̀ wa níbí kó sọ pé táífọ́ọ̀dù ń bẹ, nítorí àmì pé ara ti bá kòkòrò náà jà rí ni àyẹ̀wò náà ń wá. Èyí tó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò yóò hù níbẹ̀. Ìyẹn ń gba ọjọ́, Widal sì yá láti fi gbowó.

Ọsibítù kejì lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ní ọkàn mi pé. Nọ́ọ̀sì kan wá ní, "Màmá, kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ẹ ń ronú jù ni." Títí di òní, tí mo bá rántí obìnrin yẹn, inú á tún bí mi. Kò sí nǹkan, kí wá ló ń gbá mi láyà mú? Oníkẹ́míìsì kan ta Valium, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, fún mi láìsí ìwé dókítà, ó ní kí n máa lò ó lálaalẹ́. Oògùn yẹn máa ń di bárakú. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, ìpayà rẹ̀ lè légbá kan sí i, gìrì pàápàá lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi gbà á kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ayé ló ń bá mi jà, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ lórí òkè. Àdúrà ò burú, mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹ tún wá febi pa, ṣé gbígbọ̀n náà ò ní í pọ̀ sí i ni?

Mi ò wọ báńkì mọ́. Láti ibẹ̀, mi ò wọ kòròpé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó sí. Nígbà tó yá, àfi kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀ lé mi kí n tó lè ra òwú ní Orísùnbáre. Ibi tí sísọ̀ kalẹ̀ ń mú èèyàn lọ nìyẹn. Nítorí náà, ìdáhùn mi: jókòó. Bí ajá ni ìpayà yìí rí, tí o bá sá, á lé ọ. Gbogbo ìgbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀ tí àyà rẹ sì rọlẹ̀, ara rẹ á gbà pé kòròpé ló fẹ́ pa ọ́ tẹ́lẹ̀. Tí o bá jókòó, á ga dé góńgó, ní bí ìṣẹ́jú 10, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá lágbára jù, tí o sọ̀ kalẹ̀, má rìn lọ sílé, wọ òmíràn.

Mí díẹ̀díẹ̀, kí èyí tí ò ń mí sóde gùn ju èyí tí ò ń mí sínú lọ.  Mímí kíákíá ló ń lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde lára jù, òun ló fà á tí ìka àti ètè fi ń jó tí òòyì sì ń kọ́ni. Àwọn kan á ní kí o máa mí sínú báàgì kí afẹ́fẹ́ yẹn lè padà; má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi báàgì bo ẹnu rẹ.

Dókítà àìsàn ọpọlọ ló là mí lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní o ti ya wèrè. Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fi rọ́pò ti ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹnu àwọn èèyàn ni kò tíì yí padà. O ò nílò láti lọ sí Àrò l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ní dókítà bẹ́ẹ̀ ní UNIOSUN, ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, àti ní OAUTHC, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀. Dókítà tèmi ní kí n sáré gun àkàsọ̀ títí àyà mi fi ń lù kì-kì-kì, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ti kú?" Mo bínú. Ó ní kí n tún un gùn. Ìtọ́jú gidi ni o, kí ara lè mọ̀ pé àyà tó ń lù kì í pànìyàn. Ó kọ sertraline, oògùn kan fún ìpayà, fún mi pẹ̀lú. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, níbẹ̀rẹ̀ ó tiẹ̀ lè dá kún ìpayà náà, má ṣe jù ú nù. Tó bá tó àkókò láti fi í sílẹ̀, dókítà ni kó bá ọ dín in kù.

Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ tairọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọ̀fun), iye ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ wò, lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kó parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrora àyà tó ń lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí tí o dákú, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan rọ, ọsibítù ni o, má jókòó sínú kòròpé kankan tìtorí pé mo ní kí o jókòó.

Ní ti kó má wá mọ́: sùn, jẹun àárọ̀. Fi gbànja sílẹ̀, àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, nítorí kaféìnì inú wọn. Ọtí máa ń múni rọ lálẹ́, àárọ̀ ló ń gbẹ̀san.

Ínhélà rẹ wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ irú Ventolin ni, òun fúnra rẹ̀ lè mú kí àyà lù kíákíá kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n. Má tìtorí ìyẹn pa á tì, ṣùgbọ́n sọ fún dókítà. Tí oníkẹ́míìsì kan bá sì fi propranolol lọ̀ ọ́ pé ó ń mú àyà balẹ̀, sọ fún un pé ikọ́ fée ń bá ọ jà. Oògùn yẹn lè dí ọ̀nà èémí rẹ pa. Tí kò bá béèrè kó tó nà án sí ọ, má padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́.