Mo tò fọ́tò Orion léra, àmọ́ dúdú ló jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò ojú ọ̀run ni. Mo ya fọ́tò 64 ti Orion Nebula (ìkùukùu gáàsì àti eruku lójú ọ̀run), ìṣẹ́jú àáyá 30 ni mo fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, RAW ni gbogbo wọn, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Mo fi Siril, ètò kọ̀ǹpútà fún fọ́tò ojú ọ̀run, tò wọ́n léra, ṣùgbọ́n dúdú kirikiri ni àwòrán tó jáde, àfi ìràwọ̀ mélòó kan. Ẹyọ kan lójú kámẹ́rà tiẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ṣé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kó jọ ló wà nínú fáìlì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ nebula kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìràwọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kó sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kò ti lè yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ẹ rí lẹ́yìn kámẹ́rà, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti bá yín mú un mọ́lẹ̀ kó tó gbé e jáde. Siril fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún yín, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Títò léra kì í mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Noise ló ń pa, ìyẹn èérún àwọ̀ tó máa ń ṣe wóró-wóró níbi tó bá ṣókùnkùn. Pẹ̀lú fọ́tò 64, noise ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, torí 8 lọ́nà 8 ni 64. Kó tún tó dín kù ní ìdajì, ẹ máa nílò 256.

Nísàlẹ̀ ojú Siril, ẹ yí Linear sí AutoStretch. Nebula á yọ síta lójijì. Wíwò lásán nìyẹn o, fáìlì kò tíì yí padà. Ẹ gé etí tí kò gún, ẹ fi Background Extraction yọ ìmọ́lẹ̀ iná ìlú, kí ẹ sì tún àwọ̀ ṣe. Ẹ má jẹ́ kí àmì tí ẹ fi ń wọn ojú ọ̀run bọ́ sórí nebula, kí Siril má baà yọ òun náà dànù. Ẹ fi èyí pamọ́ ní FITS, irú fáìlì tí wọ́n ń lò fún àwòrán ojú ọ̀run. Bí iṣẹ́ bá wọ́ níwájú, ibẹ̀ lẹ ó padà sí.

Ẹ dá a padà sí Linear, kí ẹ wá ṣí Histogram, àwòrán tó ń fi hàn bí píksẹ́lì (ẹyọ tó-tò-tó tó para pọ̀ di fọ́tò) ṣe pọ̀ tó láti dúdú dé funfun. Òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan há mọ́ ọwọ́ òsì, àmì mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀: dúdú, àárín, funfun. Ẹ fa ti àárín sí òsì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró.

Àmì dúdú ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ó máa ń wu olùbẹ̀rẹ̀ kí ojú ọ̀run dúdú bíi kóró iṣin. Èmi náà ṣe é rí: mo fa dúdú wọ inú òkè yẹn, ìràwọ̀ ń tàn yanran, inú mi dùn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé eruku tó rọra nà jáde létí nebula ti lọ. Píksẹ́lì tó bá ti di òdo, kò sí ohun tó lè dá a padà. Siril máa ń kọ ìdá tó ń sọnù síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nítòsí òdo. Ojú ọ̀run tó rí bí eérú tó ṣókùnkùn ni mo fẹ́ kí ẹ ní.

Àárín gbùngbùn, níbi tí ìràwọ̀ mẹ́rin Trapezium wà, ó ṣeé ṣe kó ti funfun báláú. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ti pọ̀ jù fún un. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹ ya díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 5, ẹ tò wọ́n léra lọ́tọ̀, kí ẹ fi àárín wọn rọ́pò èyí tó jó nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe.