Ẹ má kó igi orí òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí òrùka inú igi (ìlà róbótó tí igi ń dá lọ́dọọdún) tí ẹ gbà ní téńté òkè fi ń fẹ̀ lọ́dún tí ooru bá mú, tí ti ìsàlẹ̀ òkè kan náà sì ń tín-ín-rín, tí ẹ tún fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ ṣírò àárín wọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe lórí White Mountains ní Califọ́níà, lára igi bristlecone pine, igi páìnì tó máa ń pẹ́ láyé gan-an, mo sì mọ ohun tí ẹ ń rí.

Igi méjèèjì ò purọ́. Ohun tó ń ni wọ́n lára ló yàtọ̀. Níbi tí igi parí sí, ní nǹkan bíi 3,500 mítà, òtútù ló ń dí wọn lọ́wọ́. Bí ìgbóná kò bá tó 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára káká ni igi fi ń dá ara tuntun, bí omi tilẹ̀ kún ilẹ̀. Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, òjò la mọ̀ mọ́ ìdàgbà igi. Tíìkì ilé wa gan-an, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pààlà òrùka rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi dáadáa pé igi lè rí omi kí ó má sì sanra.

Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ dé Schulman Grove, igbó bristlecone kan lórí òkè náà, ní nǹkan bíi 3,000 mítà. Omi ni ìṣòro tibẹ̀. Àwọn òkè Sierra Nevada tó wà níwọ̀ oòrùn ti gba òjò tán kí ìkùukùu tó dé. Ohun tó ń kù kì í ju nǹkan bíi 300 mílímítà lọ́dún, yìnyín ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ooru tó ran ti òkè lọ́wọ́ ló ń gbẹ ilẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ nídìí.

Ní 2009, Matthew Salzer, onímọ̀ òrùka igi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín 1951 sí 2000, òrùka àwọn igi téńté fẹ̀ ju ti àádọ́ta ọdún mìíràn láti 3,700 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kìkì àwọn tí kò fi ju nǹkan bíi 150 mítà relẹ̀ sí ibi tí igi parí sí ni! Ẹ da tiwọn pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ẹ ti pa àmì yẹn rẹ́ nìyẹn.

Ibi tí mo ti jìyà jù ni òrùka tí kò sí. Lọ́dún ọ̀dá líle, igi ìsàlẹ̀ lè má dá òrùka kankan ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti fi irin lu igi láti yọ òrùka wò. Ẹ óò kà á, ọdún ò ní pé. Kò sí ọ̀nà àbùjá: ẹ jókòó ti máíkírósíkóòpù, ẹ fi igi kan wé òmíràn títí ẹ óò fi rí ibi tí àwọn òrùka tín-ín-rín wọn kò ti bára mu mọ́. Ojú á ro yín.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé gíga orí máàpù nìkan. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wọ kòtò lóru, igi inú kòtò á sì máa ṣe bí igi téńté. Ẹ kọ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kọjú sí sílẹ̀, gúúsù tàbí àríwá.

Tí ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi ti òkè wé ìgbóná oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ wé òjò àti yìnyín láti ìparí ọdún tó ṣáájú. Àwọn ti àárín tí kò bá èyíkéyìí mu, ẹ fi wọ́n sí àyè tiwọn.